Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan Pẹ̀lú Amọ̀nà ní Erékùṣù Zanzibar

Ìrìn-àjò afẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú amọ̀nà àdáni ni èyí tí ẹnì kan, tọkọtaya tàbí ẹbí kan gba amọ̀nà kan àti ọkọ̀ kan fún ara wọn nìkan láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí a kò sì kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn àlejò mìíràn tí wọn kò mọ̀ rí. Amọ̀nà tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ẹni tí ó kàn mọ ọ̀nà. Ẹni tí ó mọ ìtàn ibẹ̀ ni, tí ó gbọ́ èdè tí àlejò ń sọ, tí ìjọba erékùṣù náà sì fún ní káàdì àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ náà. Ní Zanzibar, iṣẹ́ yìí wúwo ju bí ó ti máa ń rí ní àwọn erékùṣù mìíràn tí àwọn ènìyàn ń lọ gbafẹ́ sí, nítorí pé ẹwà ibẹ̀ pọ̀ tó láti bo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́lẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí yóò ṣí i payá.

Zanzibar jẹ́ àkójọpọ̀ erékùṣù nínú Òkun Íńdíà, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Tànsáníà, ó sì darapọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè náà ní oṣù kẹrin ọdún 1964, lẹ́yìn tí ìyípadà ìjọba ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún kan náà ti lé súlútánì, èyí tí í ṣe ọba wọn, kúrò lórí oyè. Méjì ni ó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù náà, Unguja àti Pemba. Unguja ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gúnlẹ̀ sí, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 85 lọ, ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè gbé ènìyàn dé àwọn ibi tí ó jìnnà síra wọn láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Èdè Swahili ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, nítorí náà àlejò tí ó mọ ohun tí ó tọ́ máa ń bo èjìká àti orúnkún rẹ̀ nígbà tí ó bá ń rìn láàrin ìlú, kì í sì í jẹun ní gbangba lọ́sàn-án oṣù ààwẹ̀. Ọmọdé ní láti kí àgbà pé “Shikamoo”, àgbà yóò sì dáhùn pé “Marahaba”. Ẹni tí a tọ́ ní ilé Yorùbá, tí ó ti mọ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ láti kékeré, kò nílò kí amọ̀nà ṣe àlàyé ìdí rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí àwọn oníṣòwò ìrìn-àjò sábà máa ń tà fún àlejò ni ìrìn ìlú lọ́tọ̀ àti ìrìn oko èròjà lọ́tọ̀. Nínú ìrìn ìlú ni a ti ń rí ojúkò ọjà ẹrú àtijọ́, láàrin ìbẹ̀wò sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta aṣọ àti ère. Nínú ìrìn oko ni a ti ń gbóòórùn kànáfùrù, tí a ń jẹ èso, tí a sì ń rẹ́rìn-ín. Ìpín yìí kò dára, nítorí pé ìtàn kan ṣoṣo ni méjèèjì. Ẹrú ni ó gbin kànáfùrù Zanzibar, owó kànáfùrù sì ni ó sọ erékùṣù náà di ibi tí a ń kó ẹrú wá láìdáwọ́dúró. Àǹfààní tí ó ga jù lọ nínú amọ̀nà àdáni ni pé àlejò lè sọ bí òun ṣe fẹ́ kí ọjọ́ náà tò tẹ̀ léra: kí a kọ́kọ́ lọ sí ojúkò ọjà ẹrú ní kùtùkùtù, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀, kí a tó gba oko lọ.

Àárín ìlú àtijọ́ tí a ń pè ní Stone Town ni ojúkò náà wà. Òkúta iyùn inú òkun ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìlú yìí, àjọ UNESCO sì fi í sára àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2000. Àwọn tí a kó wá tà níbẹ̀ ti ẹkùn adágún Nyasa, ilẹ̀ tí ó yí adágún Tanganyika ká àti ìlà-oòrùn Kóńgò wá. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé etíkun ní Kilwa tàbí Bagamoyo, lẹ́yìn náà ni a kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. A kó apá kan wọn lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, a kó apá kan lọ sí àwọn erékùṣù tí àwọn Faransé ti ń gbin ìrèké, ọ̀pọ̀ sì kú sí oko ní Unguja àti Pemba fúnra wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1873 ni súlútánì Barghash, lábẹ́ ìhalẹ̀ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí àdéhùn tí ó ti ọjà náà pa. Ṣùgbọ́n ẹrú ṣì wà lóko, òfin kò sì dáwọ́ mímọ ẹrú gẹ́gẹ́ bí ẹrú dúró títí di ọdún 1897.

Kí ọdún 1873 tó parí ni àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà ti fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àgbà lélẹ̀ lórí ilẹ̀ ọjà náà. Bíṣọ́ọ̀bù Edward Steere ni ó darí iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn pẹpẹ ibẹ̀ ni a sì sin ín sí nígbà tí ó kú ní ọdún 1882. Níwájú pẹpẹ, a tẹ́ òkúta màbù funfun yíká sí ilẹ̀, a sì fi òkúta pupa yí etí rẹ̀ ká. Ohun tí a ń sọ fún àlejò ni pé ibẹ̀ ni igi tí a ń de ẹrú mọ́ láti nà án wà. Àgbélébùú kékeré kan tún wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà tí a gbẹ́ láti ara igi tí a sin ọkàn míṣọ́nnárì David Livingstone sí abẹ́ rẹ̀, ní ilẹ̀ tí ó di Zambia lónìí.

Ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni ohun tí ó yẹ kí a dúró tì fún ìgbà pípẹ́ jù lọ wà. Clara Sörnäs, oníṣẹ́ ọnà ará Swídìn, mọ ère ènìyàn márùn-ún sínú kòtò onígun mẹ́rin kan ní òpin ọ̀rúndún ogún, a sì fi ẹ̀wọ̀n irin gidi tí a lò fún ẹrú so ọrùn wọn pọ̀. Àwọn ère náà kò gbójú sókè wo ẹni tí ó dúró lókè. Ẹsẹ̀ wọn kò sì hàn tán ní ìsàlẹ̀ kòtò náà, débi pé ó dàbí ẹni pé ilẹ̀ ń gbé wọn mì díẹ̀díẹ̀. Kò sí ojú méjì tí ó jọra nínú wọn. Amọ̀nà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, kì í sì í kánjú pe àlejò, èyí tí amọ̀nà tí ó kó ogún ènìyàn lẹ́yìn kò lè ṣe bí ó tilẹ̀ wù ú.

Lábẹ́ ilé kan tí ó wà nítòsí, yàrá abẹ́lẹ̀ méjì wà tí òrùlé wọn kò ga, tí atẹ́gùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ̀, a sì máa ń sọ pé ibẹ̀ ni a ń kó ẹrú pamọ́ sí kí ọjọ́ ọjà tó pé. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan ti ta ko èyí, wọ́n ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ni ilé náà, pé lẹ́yìn tí ọjà ti kógbá sílẹ̀ ni a kọ́ ọ. Kò yẹ kí amọ̀nà fi àríyànjiyàn yìí pamọ́ fún àlejò. Ìyà tí a fi jẹ àwọn ẹrú náà wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó fi ojú rí i, kò sì di dandan kí yàrá kan jẹ́ ojúlówó kí a tó gbà á gbọ́.

Láti Stone Town, ọ̀nà oko lọ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn, sí agbègbè Kizimbani àti Kidichi, ìrìn náà kò sì ju wákàtí kan lọ. Àwọn erékùṣù Maluku ní ilẹ̀ Indonéṣíà ni kànáfùrù ti ṣẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a gbé e dé Zanzibar. Súlútánì Seyyid Said, tí ó kó ààfin rẹ̀ kúrò ní Muscat ní ilẹ̀ Ómánì wá sí Zanzibar ní nǹkan bí ọdún 1840, pàṣẹ fún àwọn onílẹ̀ pé fún igi àgbọn kan, kí wọ́n gbin kànáfùrù mẹ́ta. Kí ó tó kú ní ọdún 1856, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú kànáfùrù àgbáyé ti ń wá. Ní ọdún 1872, ìjì líle wó ọ̀pọ̀ igi kànáfùrù Unguja lulẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe Pemba ní nǹkan kan, láti ìgbà náà sì ni Pemba ti di olórí ibi tí kànáfùrù ti ń wá.

Lóko, ọmọ ibẹ̀ kan sábà máa ń darapọ̀ mọ́ amọ̀nà, yóò já ewé, yóò fọ́ ọ lọ́wọ́, yóò sì ní kí àlejò gbóòórùn rẹ̀ kí ó sọ ohun tí ó jẹ́. Kànáfùrù tí àwọn ìyá elẹ́gbòogi ń wọ̀n tà lọ́jà Yorùbá, tí a ń fi sí àgbo eyín àti ti inú, ni òdòdó tí kò tíì là: ó wà ní ṣùṣù lórí ẹ̀ka, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé tí ó ń pọ́n díẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ já a kí ó tó tanná, nítorí pé bí ó bá ti là, iye rẹ̀ lọ sílẹ̀. A ó fi ọwọ́ yà á kúrò lára ṣùṣù rẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi dúdú tí yóò sì le. Igi náà ga, ẹ̀ka rẹ̀ sì máa ń kán. Ẹni tí ó bá wo bí a ti ń gùn ún yóò mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ní àkókò kan náà, yóò sì yé e ìdí tí àwọn onílẹ̀ ayé ìgbà náà fi ń ra ènìyàn. A tún máa ń fi ata ilẹ̀ pupa han àlejò, pẹ̀lú koríko ọba, igi sínámọ́nì tí a ń bó èèpo rẹ̀, àti okùn fànílà tí ó ń fà mọ́ ara igi. Fànílà kì í so níhìn-ín àyàfi tí ènìyàn bá fi igi tín-ín-rín da àtọ̀ òdòdó pọ̀ mọ́ abo rẹ̀. Edmond Albius, ọmọdékùnrin ẹrú tí kò ju ọmọ ọdún 12 lọ ní erékùṣù Réunion, ni ó rí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1841. Oníṣẹ́ oko fànílà kárí ayé ṣì ń lò ó títí di òní.

Ní Kidichi, àlejò lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wo ilé ìwẹ̀ tí Said kọ́ fún ìyàwó rẹ̀ tí ó wá láti ìdílé ọba Páṣíà. Kò sí púpọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Bí àkókò bá tó, ọkọ̀ yóò yí padà sí gúúsù lọ sí igbó Jozani, tí ó di ọgbà ìjọba ní ọdún 2004. Ẹdun pupa tí a ń rí níbẹ̀ kò sí níbòmíràn lágbàáyé àyàfi ní Zanzibar. Ẹbí ẹdun tí Yorùbá so mọ́ ìbejì ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ dúdú, irun funfun sì yí iwájú orí rẹ̀ ká. Ewé ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú ewé máńgòrò àti ewé fúrúùtù. Nítorí pé ohun kan wà nínú àwọn ewé wọ̀nyí tí ó lè ṣe inú rẹ̀ ní ibi, ó máa ń jẹ èédú lẹ́yìn oúnjẹ láti fi pa á. Àwọn ẹdun náà kì í sá fún ènìyàn, ṣùgbọ́n àìsàn ènìyàn lè ràn wọ́n, nítorí náà amọ̀nà tí ó jẹ́ kí àlejò na oúnjẹ sí wọn kí ó lè ya àwòrán ń ṣe wọ́n níkà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó yẹ kí a padà sí Stone Town láti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tóóró ibẹ̀, tí ọkọ̀ kò lè gbà, tí ilẹ̀kùn onígi gbígbẹ́ tí a kan idẹ ṣóńṣó mọ́ sì wà lẹ́nu ilé àwọn ọlọ́rọ̀ àtijọ́. Iwájú òkun ni Beit al-Ajaib, Ilé Ìyanu, tí Barghash kọ́ ní ọdún 1883, dúró sí. Apá kan rẹ̀ wó ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2020. Níwájú rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yin àgbá ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1896, nínú ogun tí kò pé wákàtí kan.

Etíkun yìí kan náà ni ìtàn Zanzibar ti kan ilẹ̀ Yorùbá ní tààràtà. Láti nǹkan bí ọdún 1845 ni àwọn oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó owó ẹyọ etíkun Zanzibar lọ sí Èkó, Àgbádárìgì àti Ouidah, tí wọ́n sì ń fi í ra epo pupa. Ẹyọ yìí tóbi ju ti erékùṣù Maldives tí a ti ń ná tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì rọrùn láti rí kó, wọ́n sì dà á sí ọjà lọ́pọ̀ yanturu. Bí ó ti ń pọ̀ sí i ni agbára rẹ̀ ń dínkù, títí tí ohun tí a ń fi ọ̀kẹ́ kan rà, ìyẹn 20,000 ẹyọ, fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀kẹ́ púpọ̀, tí ẹni tí ó ti kó owó rẹ̀ pamọ́ sínú ìkòkò sì rí i pé ohun ìní òun ti ṣòfò láìsí olè. Èyí kì í ṣe ohun tí a lè kà lára ilé kankan ní Stone Town. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gba amọ̀nà àdáni ní láti béèrè rẹ̀ ṣáájú, kí ó sì ní kí a fi wákàtí kan sílẹ̀ fún etíkun náà kí ilẹ̀ tó ṣú, dípò kí a fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ra ọjà.