Òkè Yìnyín Ní Colorado: Ọ̀nà Àbọ̀ Ni Kí Ẹni Tí Kò Gùn Ún Rí Kọ́kọ́ Wò

Bí wọ́n bá ní kí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà jáde wá fi òkè yangàn, Colorado ò ní fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Òkè tó ga kọjá 14,000 ẹsẹ̀ bàtà níbẹ̀ lé ní àádọ́ta. "Fourteener" ni àwọn aráabẹ̀ ń pe irú òkè bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ti gun ọ̀kan, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi mọ́ láwùjọ. Kí ẹni tó wà nílé lè mọ bó ṣe ga tó: òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, 2,419 mítà ni. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí nísàlẹ̀ òkè Quandary ní Colorado ti tó 3,300 mítà, ẹni náà ò sì tíì gbé ẹsẹ̀ kan gun òkè o.

Denver ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Tó bá ti di oṣù Épírìlì sí oṣù Méè, tí ìgbà ìrúwé dé, koríko á ti máa yọ nígboro, òdòdó á ti tanná, àwọn èèyàn á ti bọ́ kóòtù sílẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ni ara máa ń yún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n á gbójú sápá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n á rí òkè tó funfun báláú, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n kọ́kọ́ gùn?"

Ẹ̀gbọ́n kan á ní, "Gun Elbert, òun ló ga jù." Òmíràn á ní, "Grays ni kó o lọ, ọ̀nà ẹ̀ ò le." Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, tí òkúta gbẹ tí ojú ọ̀nà hàn kedere, ni wọ́n ń sọ. Òkè oṣù Méè kì í ṣe òkè oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ohun tó ń tan àlejò jẹ ni pé ìgbà ìrúwé ti ìgboro kì í ṣe ti orí òkè. Àárín oṣù Épírìlì, tí àwọn ará Denver ti ń palẹ̀ ọgbà òdòdó mọ́, ni yìnyín orí òkè máa ń pọ̀ jù lọ́dún. Yìnyín yìí sì ní ìwà tiẹ̀. Lóru, òtútù á mú un le koko bíi símẹ́ńtì. Láàárọ̀ kùtù, èèyàn lè rìn lórí ẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí títì. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ń mú, tó ń lọ sí ọ̀sán, ó ti ń rọ̀ bí ògì nìyẹn. Ẹsẹ̀ á máa rì dé orúnkún, nígbà míì dé itan. Ìrìn wákàtí kan á di wákàtí mẹ́ta.

Ẹsẹ̀ rírì ṣì kéré níbẹ̀. Yìnyín tó bá ti rin gbingbin lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lè já lẹ́ẹ̀kan náà, kó ya lulẹ̀ bí ilé alámọ̀ tí òjò wó, kó sì bo ẹni tó bá wà lọ́nà ẹ̀ mọ́lẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà tó 30 dìgírì sí 45 ni irú ẹ̀ ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Kì í sì í ṣe ẹni tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà nìkan ló ń bò. Ẹni tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tirẹ̀ nísàlẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lè bá a lọ.

Láti 1950, kò sí ìpínlẹ̀ tí yìnyín yíya ti pa èèyàn tó ti Colorado ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ 20 oṣù Épírìlì, 2013, nítòsí Loveland Pass, èèyàn mẹ́fà ni yìnyín ya bò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló yè é. Àwọn yẹn kì í ṣe òpè o. Wọ́n mọ yìnyín, irinṣẹ́ ìdóòlà sì wà lára wọn. Ìgbà ìrúwé náà ni.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gun òkè gíga fún ìgbà àkọ́kọ́ lásìkò yìí, kó má bi wọ́n pé èwo ló ga jù tàbí èwo ló lókìkí jù. Ohun mẹ́ta ni kó bèèrè. Ṣé ọ̀nà náà kì í gba orí tàbí abẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lè ya? Ṣé mọ́tò ń dé ìdí òkè náà? Àti pé, tí ara bá kọ̀ tàbí tí ojú ọjọ́ bá yí padà, ṣé èèyàn lè yíjú padà níbikíbi, kó sì délé?

Tí wọ́n bá fi ìbéèrè yìí sẹ́ àwọn òkè náà, púpọ̀ á bọ́ sílẹ̀. Elbert ni baba wọn, ó lé ní 14,400 ẹsẹ̀ bàtà. Kì í ṣe òkè burúkú, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀ gùn: àlọ àtàbọ̀ lé ní máìlì mẹ́sàn-án, gígùnkè ẹ̀ sì tó 4,700 ẹsẹ̀ bàtà. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó tó iṣẹ́ òòjọ́. Nínú yìnyín tó ń rì, ó di méjì. Bierstadt rọrùn, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ títì tó gba Guanella Pass lọ síbẹ̀, títì pa ni ní gbogbo ìgbà òtútù, ó sì máa ń tó ìparí oṣù Méè kí wọ́n tó ṣí i. Tí wọ́n bá tún ṣí i, àbàtà wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí igbó kéékèèké bò. Tí yìnyín orí ẹ̀ bá ń yọ́, àbámọ̀ ni. Grays ńkọ́? Ọ̀nà mọ́tò tó wọ inú àfonífojì Stevens kì í ṣeé wà nígbà yìnyín. Láti Bakerville, etí títì ńlá, ni èèyàn á ti fi ẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́ta kó tó dé ibi tí àwọn ará ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún wá burú ni pé àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń ya wà lókè ọ̀nà náà.

Quandary ló wá kù. Nítòsí ìlú Breckenridge ló wà, bí ìrìn mọ́tò wákàtí méjì sí Denver. Gíga ẹ̀ jẹ́ 14,265 ẹsẹ̀ bàtà. Mọ́tò ń dé itòsí ìdí ẹ̀ kódà nígbà òtútù, nítorí wọ́n ń kó yìnyín kúrò lójú títì. Àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ ò pé máìlì méje, gígùnkè ẹ̀ sì tó 3,450 ẹsẹ̀ bàtà. Ohun tó mú un ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ̀yìn òkè ni ọ̀nà ìlà-oòrùn ẹ̀ ń bá lọ láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Ẹni tó bá dúró lórí ẹ̀yìn òkè yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí yìnyín lókè orí ẹ̀ tó lè ya bò ó. Ibi tó bá sì dé tó rẹ̀ ẹ́, ó lè yíjú padà, kó máa tẹ ojú ẹsẹ̀ ara ẹ̀ bọ̀ wálé. Ewúrẹ́ òkè, tó funfun bíi yìnyín náà, wọ́pọ̀ lọ́nà ibẹ̀.

Èyí ò wá sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ o. Ọ̀tún àti òsì ẹ̀yìn òkè náà dà gan-an, ẹni tó bá fẹ́ gba àbùjá, tàbí tó fẹ́ jókòó yọ̀ wálẹ̀ níbi tí kò mọ̀, ló lọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ wá ikú. Yìnyín tí afẹ́fẹ́ ti gbé yọ etí òkè bí òrùlé ilé, kò sóhun tó gbé e dúró nísàlẹ̀. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Èémí náà á sì tún máa wọ́n, nítorí lókè yẹn, atẹ́gùn tí èèyàn ń rí mí kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti etí òkun lọ.

Nítorí náà, kí ẹni náà sun òru kan tàbí méjì sí Breckenridge, tó ga tó 9,600 ẹsẹ̀ bàtà, kí ara ẹ̀ lè mọ́ ọn. Kó ka ìkìlọ̀ tí Colorado Avalanche Information Center, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ yìnyín yíya, máa ń gbé jáde. Kó wá irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, kó mú bàtà pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rì, kó sì má gbàgbé awò dúdú, torí ìtànṣán oòrùn tó ń ta lára yìnyín lè fọ́ni lójú fún odidi ọjọ́. Kó jí lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì ti máa sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Tí òtútù ò bá mú yìnyín gan lóru, kó padà sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Tí ẹ̀fọ́rí àti èébì bá dé, kì í ṣe oògùn ló kàn, ìsàlẹ̀ ló kàn.

Kó tún sọ fún ẹnì kan nílé, ọ̀nà tó gbà àti aago tó máa dé. Fóònù lè má ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń wá èèyàn lórí òkè ní Colorado, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbà là, iṣẹ́ wọn àti ọmọ wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi orí kunkun gun òkè, ẹ̀mí ẹlòmíì ló tún gbé dání.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, ogun ní í bá lọ. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà, 1806, ọ̀gá sọ́jà kan tó ń jẹ́ Zebulon Pike fẹ́ gun òkè ńlá kan ní Colorado yìí kan náà. Aṣọ tín-ín-rín ló wà lọ́rùn òun àtàwọn èèyàn ẹ̀, ebi ń pa wọ́n, yìnyín sì mù wọ́n dé ìbàdí. Pike yíjú padà láì dé ṣóńṣó. Ọdún 1820 ni Edwin James tó wá gun òkè náà dé òkè téńté. Lónìí, Pikes Peak ni gbogbo ayé ń pè é. Orúkọ ẹni tó yíjú padà ló wà lára ẹ̀.

Ẹni tó bá dé ìdajì Quandary lóṣù Méè tó padà sílé, kò sófo. Òkè ò ní ṣí lọ, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì sì ń bọ̀.