Àrùn Abẹ́ Ìró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àrùn kan wà, síbẹ̀, tí ó ń dun ọ̀pọ̀ obìnrin tí kì í sí lọ́rọ̀ wọn rárá: ìtọ̀ tí ń jò láìṣe pé wọ́n fẹ́ tọ̀.

Obìnrin tí ó ti bí ọmọ márùn-ún ní Ìlaró tàbí Ayétòrò lè wà nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìwí. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, bí ó bá wúkọ́, bí ó bá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ rù, ìtọ̀ á ta sí i láṣọ. Nígbà tí ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ń dún, tí gbogbo ìlú ń fi ijó yẹ́ àwọn ìyá sí, ẹ̀yìn èrò ni òun yóò dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbóòórùn. Èyí kì í ṣe èpè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwà ọ̀bùn. Ìbímọ àti ọjọ́ orí ni ó sábà máa ń mú kí iṣan tí ó gbé ilé ìtọ̀ ró dẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú ni wọ́n ń gún sí ara aláìsàn láti ayébáyé. Kò jọ gbẹ́rẹ́, tí à ń sín kí á tó fi oògùn ra á. Ní 2017, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 504 tí irú ìtọ̀ yìí ń dà láàmú, ní ilé ìwòsàn 12 ní Ṣáínà. Wọ́n gún apá kan lábẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, iná mànàmáná díẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ní ìgbà 18 láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Abẹ́rẹ́ tí kò wọlé ni wọ́n lò fún apá kejì. Nígbà tí wọ́n wọn ìtọ̀ tí ń jò sí páàdì ní wákàtí kan, ó fi gíráàmù 9.9 dín kù lára àwọn ti àkọ́kọ́, ó sì fi 2.6 péré dín kù lára àwọn yòókù.

Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ kọ́ ni ìtọ́jú kan ṣoṣo. Ní 1948, dókítà Arnold Kegel ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ìdárayá kan tí kò náni lówó: kí obìnrin fún iṣan ibẹ̀ pọ̀ bí ẹni tí ń pa ìtọ̀ mọ́ra, kí ó tú u sílẹ̀, léraléra, lójoojúmọ́. Irú mìíràn sì wà tí abẹ́rẹ́ àti ìdárayá kò lè wò. Bí ọmọ bá há nígbà ìrọbí, ihò lè lu láàárín ilé ìtọ̀ àti ojú ara. Ìtọ̀ á máa ṣàn tọ̀sán tòru. Fístúlà ni èyí, iṣẹ́ abẹ ni a sì fi ń dí i.

Ta ni yóò mọ̀yàtọ̀ bí aláìsàn kò bá sọ̀rọ̀? Obìnrin tí ó bá lè sọ fún nọ́ọ̀sì ìgbà tí ìtọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àti ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó bá jò, ti bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn ara rẹ̀. Èyí tí ó bá ń fi ìró kejì bo tàkọ́kọ́, aṣọ nìkan ni ó ń tọ́jú.