A rò pé Àǹtí wa ti gbàgbé wa ni

 

Ọ̀rọ̀ ilé wa la fẹ́ gbé síta lónìí. Àwa mẹ́rin la wà lọ́dọ̀ Màmá ní Bukuru. Àǹtí, àkọ́bí ilé wa, wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 2003. Àwọn ló ń fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ránṣẹ́ lóṣooṣù, a kì í rán wọn létí. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Oṣù kan á wá, oṣù kejì ò ní wá. Nígbà tó yá, Àǹtí ò gbé fóònù mọ́.

A ṣe ìpàdé. Ká má parọ́, ohun tí a sọ níbẹ̀ kò dáa. Ẹnìkan ní ọkọ tuntun ló ń náwó wọn. Ẹnìkan ní Lọ́ńdọ̀nù ti wọ̀ wọ́n lára. Àbíkẹ́yìn wa tiẹ̀ gba ohùn sílẹ̀ fún wọn lórí WhatsApp, ó ní kí wọ́n rántí ẹni tó ta aṣọ òkè rẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù. "Ìwọ" ló pè wọ́n nínú ohùn yẹn, ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ! Kò sí ẹni tó bá a wí nínú wa.

Ọjọ́ mẹ́ta, kò sí èsì. Lọ́jọ́ kẹrin, fọ́tò kan wọlé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ ẹ̀. Ìwé ìpè kóòtù ni. Orúkọ Àǹtí ló wà níbẹ̀. Gbèsè Council Tax.

Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá pé irú owó orí kan ni, Màmá dìde lórí ìjókòó. "Owó orí? Ṣé wọ́n ṣì ń lé èèyàn torí owó orí ní ìlú òyìnbó?" Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá, ọmọge ni wọ́n nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969, wọn ò sì gbàgbé bí àwọn ọkùnrin ṣe ń sùn sóko nítorí owó orí.

Òyìnbó náà ti ja tiwọn o. Ìjọba Margaret Thatcher gbé owó orí gidi wọ Scotland lọ́dún 1989, ó gbé e wọ England àti Wales lọ́dún 1990. Ará ìlú da àárín Lọ́ńdọ̀nù rú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1990. Lọ́dún 1993 ni wọ́n fi Council Tax rọ́pò rẹ̀. Èyí ò ka orí mọ́, ilé ló ń wò. Ní England, wọ́n pín ilé sí ọ̀wọ́ láti A dé H, gẹ́gẹ́ bí iye tí ilé náà ì bá tà lọ́dún 1991. Ẹni tó ń gbé inú ilé ló sábà máa ń san án, bó tilẹ̀ jẹ́ ayálégbé. Káńsù ló ń gbà á, wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí, wọ́n sì fi ń tọ́jú arúgbó. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó yìí gan-an ni Àǹtí ń ṣe.

Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó, ìrànwọ́ wà fún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àǹtí nìkan ló ń tọ́ ọmọ méjì. Tẹ́lẹ̀, káńsù ló ń fún wọn ní Housing Benefit tí wọ́n fi ń san owó ilé, káńsù kan náà ló sì ń bá wọn dín Council Tax kù. Fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n fi gba méjèèjì. Lọ́dún 2024, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n kúrò lórí ìrànwọ́ àtijọ́, kí wọ́n bọ́ sórí Universal Credit láàárín oṣù mẹ́ta. Universal Credit yìí kó ìrànwọ́ oríṣi mẹ́fà pọ̀ sójú kan. Àǹtí kọ orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kíákíá, wọ́n sì rò pé ó parí, ohun gbogbo ti wà nínú ẹ̀.

Ohun gbogbo kọ́. Ìrànwọ́ Council Tax ò sí níbẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni ìjọba ti pa Council Tax Benefit rẹ́, tí wọ́n ní kí káńsù kọ̀ọ̀kan ní England ṣe òfin tirẹ̀ fún àwọn tí kò tíì dọ́jọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Owó tí ìjọba sì fi lé káńsù lọ́wọ́ fún un dín ní bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn arúgbó ni òfin àpapọ̀ ṣì ń dáàbò bò. Nítorí náà, káńsù kan lè yọ gbogbo owó náà fún tálákà, kí èyí tó wà lódìkejì títì ní kò sẹ́ni tí kò ní san díẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sórí Universal Credit, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bá káńsù rẹ̀, yóò béèrè lọ́tọ̀. Àǹtí ò mọ̀. Bí Housing Benefit ṣe dúró, ìdínkù náà bá a lọ.

Lẹ́tà káńsù ń dé, Àǹtí rò pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n ṣì ń dúró de owó Universal Credit àkọ́kọ́ nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Òfin Council Tax kì í ṣeré. Bó o bá fo oṣù kan, ọjọ́ méje ni wọ́n á fún ọ. Bí o ò bá san, gbogbo iye tó kù lọ́dún náà di gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ẹ̀, kóòtù, pẹ̀lú owó kóòtù lórí ẹ̀. Lẹ́yìn kóòtù, àwọn bélíìfù tó ń wá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Àǹtí ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan àwọn pa iná, àwọn àtàwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá, ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn. Màmá ní àwọn mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Àwọn Citizens Advice, tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ló bá wọn kọ̀wé. Káńsù dá ìrànwọ́ padà, ó sì gbà láti ka oṣù kan péré sẹ́yìn mọ́ ọn. Ìyókù ni Àǹtí ń san díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀ bá rò pé a ti kọ́gbọ́n. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún 2025 ń bọ̀, àwa yìí náà la tún sọ pé kí wọ́n ṣe àfikún iṣẹ́ alẹ́, kí wọ́n lè rí owó páànù ilé fi ránṣẹ́. Wọ́n ṣe é. A ò mọ̀ pé bí owó iṣẹ́ wọn bá lé, pẹ́ńsì 55 ni Universal Credit máa ń dín nínú pọ́ùn kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé £100 ló wọlé lé e, £45 ló kù. Káńsù tiwọn ṣì ń lo ìṣirò àtijọ́, pẹ́ńsì 20 nínú pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Ìyẹn £9 mìíràn. £36 ló kù lọ́wọ́ ẹni tó fi gbogbo òru gbé arúgbó nílẹ̀, a ò tíì ka owó ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tí owó oṣù bá sì ti yí, bíìlì Council Tax tuntun á tún dé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jápa, ẹ jọ̀ọ́: bí físà rẹ̀ bá sọ pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìlú, kó má fọwọ́ kan Council Tax Reduction o. Ó wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Àmọ́ ẹ̀dínwó ìdá kan nínú mẹ́rin, tó wà fún àgbàlagbà tó ń dá gbélé, kò sí lára èèwọ̀ yẹn. Kó béèrè rẹ̀. Ilé tó sì jẹ́ kìkì akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún ló wà níbẹ̀ kì í san án, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí káńsù mọ̀.

Àbíkẹ́yìn wa ti pe Àǹtí. Ìta ló lọ pè wọ́n, a ò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Àwa mẹ́rin la ń dá owó oògùn Màmá báyìí. Lóṣù tó kọjá, Àǹtí tún fi £20 ránṣẹ́. Màmá ní ká dá a padà. A ti béèrè káàkiri Terminus, a ò tíì rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó padà sí Lọ́ńdọ̀nù.