Orí Odi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mú Wọn Gbà

York, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ìnáwó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Mo rí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ dé. Mo kà wọ́n: ibi mẹ́sàn-án, ọjọ́ kan ṣoṣo! Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìbejì ọmọ ọdún mẹ́fà àti orúnkún Màmá, ẹ ò ní dé ìdajì. Ìlú kékeré ni York lóòótọ́, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn ín já, àmọ́ èrò a máa pọ̀ lóṣù Kẹjọ, òkúta tí wọ́n sì tẹ́ sójú ọ̀nà kì í bá ẹsẹ̀ àgbàlagbà ṣeré. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ tí ẹ ń bọ̀, oorun ni màá máa sùn lójúmọmọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tètè kọ̀wé.

Ẹ mú àwọn ọmọ gun orí odi ìlú kí ẹ tó san kọ́bọ̀ wọ ibikíbi. Ọ̀fẹ́ ni. Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n á sì tì í bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Èyí tó kù nínú rẹ̀ lé ní kìlómítà mẹ́ta, kò sì sí ìlú mìíràn ní England tí odi àtijọ́ rẹ̀ ṣì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má rìn ín tán o. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ yí i po, ẹ ó dé ibi tí odi kò sí rárá, láàárín Layerthorpe àti Red Tower. Omi àti àbàtà ló ń ṣọ́ ìlú níbẹ̀ láyé àtijọ́, ojú títì lásán ló kù báyìí. Láti Bootham Bar dé Monk Bar ti tó. Kàtídírà ńlá tí wọ́n ń pè ní Minster á wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ẹ ó sì máa wo ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn látòkè bí ẹni ń yọjú wo ilé onílé.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "Bar" dà yín láàmú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ilé ọtí ni mo pè é. Bodè ni níbí. "Gate" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yòókù ń pe bodè, òpópónà ni ní York: Stonegate, Petergate, Coppergate. Ọ̀dọ̀ àwọn Viking tó gba ìlú náà lọ́dún 866 ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Ẹ ní kí Dáre, ẹ̀gbọ́n ìbejì, wá Whip-Ma-Whop-Ma-Gate kàn fún yín. Orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju òpópónà ọ̀hún lọ.

Ẹ di ìbejì lọ́wọ́ mú ṣinṣin, nítorí apá ibì kan wà tí kò sí irin ìdìmú níhà inú odi. Ẹ má sì gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ débẹ̀. Mo dán an wò nígbà tí Tẹ̀mi ọmọ mi ṣì kéré. Àtẹ̀gùn Monk Bar tóóró, ó dúró ṣánṣán. Mo dé àárín, mi ò lè lọ, mi ò lè bọ̀, èèyàn mẹ́rin tó ń sọ̀ kalẹ̀ sì ní láti padà sókè nítorí mi. Wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú! Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí nìyẹn.

Ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń fi yàrà Eredo Sungbo hàn wá nígbà tí a bá gba Òkè-Ẹ̀rí kọjá? Erùpẹ̀ ni tiwa, igbó ti bò ó. Òkúta ni tiwọn, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó lọ pẹ̀lú: ìgbìmọ̀ ìlú fúnra wọn ló ń wá àṣẹ lọ́dún 1800 láti wó o dànù. Ògiri tó yọ síwájú bodè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rí wó; ti Walmgate Bar nìkan ló yè. Ẹ sọ fún Dáre pé orí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé kọ́ sórí Micklegate Bar. Lọ́dún 1460 wọ́n gbé orí Richard, Duke ti York, kọ́ síbẹ̀, wọ́n sì fi adé bébà dé e. Kò ní béèrè fún fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Màmá ò gbọ́dọ̀ gun odi. Museum Gardens ni kí ẹ fi wọ́n sí: koríko, àga ìjókòó, ilé ìjọsìn àtijọ́ tó ti wó, ọ̀fẹ́ ni. Ilé ìṣọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará Róòmù mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ló fi òkúta ńlá mọ òkè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbejì fọwọ́ kàn án.

Inú ọgbà yẹn náà ni Yorkshire Museum wà. Wọ́n ń gbowó, àmọ́ ibẹ̀ ni kí ẹ ná an sí. Lọ́dún 1901, wọ́n hú egungun obìnrin kan jáde ní ìlú yìí, tí wọ́n sin pẹ̀lú ẹ̀gbà eyín erin àti ẹ̀gbà òkúta dúdú. Olówó ni. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Reading kéde pé ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ Àríwá Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ayé àwọn ará Róòmù ló sì gbé, nǹkan bí ọdún 1,600 sẹ́yìn! Septimius Severus, ọba gbogbo Róòmù, ilẹ̀ tí à ń pè ní Líbíyà lónìí ni wọ́n bí i sí. York níbí ló kú sí lọ́dún 211. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí níbi iṣẹ́ pé ìgbà wo ni àwa adúláwọ̀ dé ìlú yìí, Severus ni mo fi dá wọn lóhùn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Mallard tó sáré ju gbogbo ọkọ̀ ojú irin onísítíìmù lọ lọ́dún 1938 wà níbẹ̀, ẹ ó rí ti Japan tó ń sáré bí ọta náà. Ẹ fún un ní odidi ọ̀sán. Jorvik, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Viking, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó wá; wọ́n ń da òórùn ìlú àtijọ́ síni nímú, ó sì ṣókùnkùn, Kẹ́hìndé lè sunkún. Àtẹ̀gùn òkè Minster jẹ́ 275, wọn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ: Dáre nìkan.

Ọ̀rọ̀ Clifford's Tower wúwo. Lórí òkè tí ilé ìṣọ́ yìí dúró lé ni nǹkan bí 150 àwọn Júù ti kú lóṣù Kẹta ọdún 1190, nígbà tí àwọn ará ìlú dojú kọ wọ́n. Ilé onígi ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ sọ ọ́ fún Dáre kí ẹ tó gòkè, kó má baà máa pariwo níbẹ̀.

Bí àwọn ọmọ bá béèrè ṣokoléètì, KitKat ni kí ẹ rà. York ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1935. Bàbá àgbà gbin kòkó títí wọ́n fi kú, wọn ò tọ́ ṣokoléètì wò rí.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n wọ bàtà pẹlẹbẹ, kì í ṣe gíga tí wọ́n wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó Bísí. Ẹ bá mi mú gaàrí Ìjẹ̀bú dání, èyí tó kan dáadáa.

Èmi ni àbúrò yín,
Wálé