Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tábìlì Nọ́ọ̀sì

"Ṣé ó yé yín?" "Ó yé mi, nọ́ọ̀sì." N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn pé kò yé òun. Ta ló fẹ́ kí èrò tó tò sẹ́yìn òun mọ̀? Nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í béèrè bẹ́ẹ̀. "Màmá, tí àwọn ọmọ bá bi yín nílé pé kí ni nọ́ọ̀sì wí, kí lẹ máa sọ fún wọn?" Bí màmá bá fo ibì kan, nọ́ọ̀sì á ní òun ni òun ò ṣàlàyé dáadáa, á sì tún un sọ. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó dáa ni.

*

"Lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́." Bàbá tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n wí náà ló kúkú ṣe.

*

Ọmọ ń ṣu gbuuru: àpò ORS kan, omi lítà kan. Ta ló ní ohun tí wọ́n fi ń wọn lítà nílé? Nọ́ọ̀sì tí mo wò ò tilẹ̀ dárúkọ lítà. Ó mú píọ́ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára, ó gé etí wọn, ó dà wọ́n sínú abọ́ ọlọ́mọrí, ó tú ORS sí i, ó sì gbé ṣíbí fún ìyálọ́mọ pé kó rò ó. Ìyálọ́mọ ní ṣé òun ò lè pín àpò náà sí méjì, kó lè pẹ́ nílẹ̀? Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Rárá o, gbogbo rẹ̀ lẹ máa dà sí i. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di ìwòyí ọ̀la, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ po òmíràn. Zinc rèé, ọjọ́ 10 gbáko ni, bí ìgbẹ́ gbuuru bá tiẹ̀ dúró lọ́la."

*

Ìgbà 6 ni wọ́n ń lo oògùn ibà artemether-lumefantrine láàárín ọjọ́ 3. Ní ọjọ́ kejì tí ibà bá ti lọ, òṣìṣẹ́ báǹkì á kó ìyókù pa mọ́ de ibà mìíràn. Òun náà lè ka ìwé inú páálí o! Ojú ló máa ń ti nọ́ọ̀sì láti ṣàlàyé fún ẹni tó so táì.

*

Orin àti àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ aboyún pé oṣù 6, ọmú nìkan, kò sí omi. Ó gbé orin náà délé, ìyá ọkọ ti gbé àgbo ọmọ kaná. Kí ló dé tí wọn kì í pe ìyá ọkọ síbi orin?

*

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́, bẹ́ńṣì sì ti kún. Bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jókòó síwájú rẹ̀, àlàyé wá ń há nọ́ọ̀sì lọ́fun. Ó pe ìyá tó ń gbálẹ̀. Ìyá fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Bàbá, ojoojúmọ́ ni o. Bí ara yín bá tiẹ̀ le koko, ẹ lò ó." Bàbá ní tó bá tán ńkọ́? "Kó tó tán ni kẹ́ ẹ ti padà wá." Ó yẹ kí wọ́n fi nǹkan kún owó oṣù ìyá yẹn.