Ewé tí Ń Dẹ Kòkòrò

Inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí grassette, ewéko òkè òkun tí ewé rẹ̀ ń mú kòkòrò bí àtè. Èmi kò mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí àpáta Tré. Nígbà òjò, níbi tí omi ti ń sun lórí òkúta, droséra kékeré a hù, irun ewé rẹ̀ a máa dán bí ìrì.

Mo hú ọ̀kan wálé, mo ń bu omi pọ́ǹpù sí i láràárọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti kú. Ọmọbìnrin mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí alẹ́ fi lẹ́.

Omi ló pa á. Omi abẹ́ ilẹ̀ ti gba iyọ̀ inú òkúta mọ́ra. Ewéko tó ń hù níbi tí ilẹ̀ kò ti lóúnjẹ, tó fi ń dẹ kòkòrò, kò lè gbà á. Àní ajílẹ̀, májèlé ni fún un.

Lọ́dún kejì, irúgbìn la gbọ̀n sórí iyanrìn àpáta nínú ìkòkò. Ọmọ náà ló ń gbe omi òjò, abẹ́ ìkòkò ló sì ń dà á sí, kí àtè ewé má baà ṣàn lọ. Mẹ́ta hù. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, wọ́n gbẹ. Irú tiwọn kì í ju ọdún kan lọ. Ó ká irúgbìn wọn sínú bébà, ó kọ ọ́ sí i lára pé: «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.»