Ọjà Roxy ní Abidjan: Wọ́n mọ ojú oníbàárà, ta ló mọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀?

Ẹni tó bá dé ìlú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, tí kò dé Adjamé, kò tí ì rí ìdajì ìlú náà. Adjamé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà nínú Abidjan, kò sì jìnnà sí Plateau, níbi tí àwọn ilé gogoro àwọn báńkì wà. Àwọn ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní gbaka kì í sinmi níbẹ̀, ariwo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti Ọ̀ṣòdì. Èdè Faransé àti Jula ni wọ́n fi ń nájà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa yóò gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti sọ Abidjan di ilé kejì. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n.

Nínú Adjamé yìí ni Roxy wà. Ilé sinimá kan tó wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un ló fún ibẹ̀ lórúkọ. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ Roxy, oògùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn ará Abidjan lọ́kàn. Ńṣe ni wọ́n ń pàtẹ oògùn òyìnbó bí ẹni pàtẹ ata àti tòmátì, tí oòrùn ń pa á, tí eruku ń bà lé e. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tà á. Òfin kò fàyè gba òwò náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn agbófinró ti ya bo ibẹ̀, tí wọ́n kó oògùn, tí wọ́n sì dáná sun ún. Bí ọjọ́ díẹ̀ bá kọjá, àtẹ á tún kún.

Kí ló dé tí ọjà náà kò parun? Àìlówó lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dín agbára owó sẹ́fà kù sí ìdajì ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1994, ńṣe ni owó gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wọlé fò sókè, títí kan oògùn. Ṣùgbọ́n àìlówó nìkan kọ́. Obìnrin Roxy mọ bí a ṣe ń ṣe ìtọ́jú oníbàárà. Bí owó èèyàn kò bá tó ra páálí kan, hóró méjì péré ni yóò tà fún un. Yóò sọ èdè tó yé e, yóò gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀, kò sì ní fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yí òwò oògùn padà pátápátá.

Ìbéèrè tó kù ni pé, ǹjẹ́ ìyípadà náà ṣe oníbàárà lóore? Oògùn tí oòrùn ti pa lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ayédèrú oògùn ibà kò lè wo ibà. Bí aburú bá sì ṣẹlẹ̀, rìsíìtì kò sí, ẹni tí a ó bi léèrè kò sí. Ẹ̀rín músẹ́ kò lè rọ́pò ojúlówó ọjà.

Yorùbá kò ṣàì mọ irú òwò tó ń yí nǹkan padà sí rere. Àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará oko, wọ́n tà á ní àwìn, wọ́n sì padà wá gba owó wọn. Wọn kì í tà kí wọ́n sá lọ; ẹni tó ra aṣọ mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá lóṣòó. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1856, iléeṣẹ́ Singer gba àwọn èèyàn láyè láti máa san owó ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí olówó nìkan lè rà tẹ́lẹ̀ wá di irinṣẹ́ tálákà.

Ní ti oògùn, ọmọ Gánà kan, Bright Simons, dá mPedigree sílẹ̀ ní ọdún 2007, kí ẹni tó ra oògùn lè fi fóònù rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2010, àjọ NAFDAC ní Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀: èèyàn á ha ara páálí, á fi nọ́ńbà tó bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́, èsì á sì dé bóyá ojúlówó ni. Kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà nìkan ni oníbàárà ń gbọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀, fóònù tàbí ẹ̀yà ara ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tayọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dínwó nìkan bá wọn du ọjà. Kó tan ẹ̀rọ náà kí oníbàárà rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kó kọ rìsíìtì tó ní àdírẹ́sì, kó sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Katakata ìjọba lè wó àtẹ Roxy lónìí, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń ta ojúlówó kò bá kọ́ sùúrù àti ọ̀yàyà tí obìnrin Roxy ní, oníbàárà yóò tún wá a lọ lọ́la. Ẹni tó bá pa ọ̀yàyà Roxy pọ̀ mọ́ ojúlówó ọjà ni yóò gba ọjà náà lọ́wọ́ wọn.